Pẹpẹ Mẹ́ta Ìyá Àbàwọ́n

Inú ń bí mi, n ò sì ní fi pa mọ́. Ẹni tó bá ní kí n fara balẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ fi ọwọ́ fọ ọgọ́rùn-ún aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kó tó wá bá mi sọ̀rọ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń fọṣọ nílé ìwòsàn tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá ìfọṣọ wa wà, fèrèsé kan péré ló ní, ooru ibẹ̀ sì lè se ẹyin jinná. Ìyá Àbàwọ́n ni gbogbo wọn ń pè é. Kì í ṣe pé ó dọ̀tí o! Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ ni, ti oògùn ni, kò sí èyí tó máa rí i tí ò ní sá. Láti ìgbà tí ọ̀gá wa nísàlẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ọdún méjì ló fi ṣe iṣẹ́ ọ̀gá láìjẹ́ ọ̀gá. Ó wù ú kí wọ́n máa pè é ní ọ̀gá. Kì í sọ ọ́ jáde, àmọ́ ọmọ ìyá mi ni, mo mọ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀gá àgbà tuntun dé, ọkùnrin kan tí táì rẹ̀ gùn ju sùúrù rẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó bá máa jẹ ọ̀gá ìfọṣọ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò gẹ̀ẹ́sì: ogún ọ̀rọ̀ ìṣe, bí wọ́n ṣe ń pè é lónìí, bí wọ́n ṣe ń pè é lánàá, àti ti ọ̀la. Ẹ gbà mí! Ṣé gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ń gbọ́ ni?

Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ni mo ní màá kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ̀kọ́ náà kò wọ̀ ọ́ lórí.

Ó ní, “Àbúrò, èdè wo nìyí tí ọ̀rọ̀ ń pààrọ̀ aṣọ lójoojúmọ́? Ní tiwa, tí mo bá ní mo fọ̀ ọ́, ṣé mi ò ti fọ̀ ọ́ tán?”

Mo jágbe mọ́ ọn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò kàn fẹ́ gbọ́ ni!”

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń to aṣọ sórí pẹpẹ. Pẹpẹ mẹ́ta la ní lára ògiri. Aṣọ tí a ti fọ̀, tí a ti lọ̀, tí a ti ká, òsì ló ń lọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ wà ní àárín. Àpò aṣọ ìdọ̀tí tó ń dúró de ọ̀la, ọ̀tún. Bí mo ṣe ń wò ó ni mo pàtẹ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó! Èyí tó bá ti dé òsì, ẹ so ‘ed’ mọ́ ọn nídìí. Ti àárín, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti ọ̀tún, ẹ fi ‘will’ ṣáájú rẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ohun tí o ti ń pariwo lé mi lórí láti ọjọ́ yìí kò jù báyìí lọ?”

Ó parí nìyẹn. Washed, wash, will wash. Ironed, iron, will iron. Ó ń kà á bó ṣe ń káṣọ, kò ṣi ẹyọ kan. Èmi náà wá ń yangàn kiri bíi pé èmi ni mo ni ilé ìwé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n fún un ní ìwé tí wọ́n fa ìlà sí, òpó mẹ́ta. Ó ní bí òun ṣe rí òpó mẹ́ta báyìí, ọkàn òun balẹ̀, pẹpẹ òun nìyẹn. Kò gbé bírò sókè títí ó fi kọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ogún nínú ọgọ́ta ni wọ́n fún un.

Mo ní irọ́ ni! Mi ò kan ilẹ̀kùn kí n tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó na ìwé náà sí mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló kọ dáadáa. Àmọ́ òpó òsì ni wọ́n fi tòní sí, àárín ni wọ́n fi tàná sí. Wọ́n kọ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan gàdàgbà sókè, ‘present’, ‘past’, ‘future’, orúkọ tí èmi tí mò ń pe ara mi ní olùkọ́ kò fi ọjọ́ kan kọ́ ọ. Tọ̀la nìkan ló bọ́ síbi tó yẹ.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó mọ̀ ọ́n! Ibi tó kọ ọ́ sí ló ṣì.”

“Màdáámù, ìdánwò ni ìdánwò.” Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ọmọge tó ń gbé tẹlifóònù lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n fún níṣẹ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán, mi ò jiyàn, àmọ́ kò fìka kan omi ọṣẹ wa rí. Ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí. Mo bú ọ̀gá nínú lọ́hùn-ún títí, mo wá bú ara mi jù ú lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá mú ọmọge náà sọ̀kalẹ̀ wá. Ó ní, “Màmá, ẹ bá wa fi iṣẹ́ hàn án. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù.”

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù! Mo ti ń ká apá ẹ̀wù mi sókè nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e sí pẹpẹ òsì. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká òun náà sí mẹ́rin, ó gbé e lé e lórí. Ó wá kọjú sí ọ̀gá.

“I washed. I ironed. I waited. I finished.”

Ọ̀gá yanu sílẹ̀. “Màmá, ta ló wá máa fọ ti ọ̀la?”

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí àwọn àpò ìdọ̀tí tó kún pẹpẹ ọ̀tún, ó wo táì yẹn láti òkè délẹ̀.

“You will wash.”

Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e. Orí àtẹ̀gùn ló ti dúró dè mí. Ó ní, “Àbúrò, gẹ̀ẹ́sì yẹn, ṣé mo gbà á?”

Mo ní, “Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo rẹ̀ lẹ gbà.”