Ológbò Mi Nílé Alhaja

Lẹ́yìn tí ọmọ mi tó kẹ́yìn lọ sílé ọkọ ní Kánò, Ọlọ́run fi ológbò dúdú kan tù mí nínú. Orí ẹsẹ̀ mi ló máa ń sùn sí bí mo bá ń fa tẹ̀sùbáà, mo sì máa ń dúpẹ́ pé ilé náà kò dá páropáro.

Ọjọ́ tí mo lọ ra ọsàn tí mò ń tà ní ọjà Zuba ni àwọn tó wá tún páìpù omi ṣe fi géètì sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí mo padà délé ní Jabi, n kò rí ológbò mi mọ́. Mo gbé aṣọ tó ń sùn lé sí ẹnu géètì kí òórùn ilé lè fà á padà. Mo bi gbogbo mégáàdì àdúgbò léèrè. Ọmọ mi ní kí n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí òun bá mi pín in kiri. N kò ní ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo dìde níbi àsálátù kí n kéde rẹ̀. Áfáà wa rọra dá mi dúró pé a kì í kéde nǹkan tó sọnù nínú mọ́sálásí, kí n dúró dìgbà tí a bá jáde. Nítorí náà, ibi tí a ń bọ́ bàtà sí ni mo ti sọ fún àwọn ìyá pé mò ń wá ológbò mi. Alhaja kan dúró tì mí, ọmọ Ìlọrin tó ń ta aṣọ, tí kò tíì pẹ́ tó kó dé òpópónà kejì sí wa. Ó ní ológbò kan wọlé tọ òun wá, òun sì ti kéde lẹ́nu mọ́sálásí ẹ̀bá ilé òun, ní Yorùbá àti ní Hausa.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ àmì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéú ni.”

Òótọ́ ló sọ. Mo ní àyà rẹ̀ funfun, ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ sì ti gé. Ó mi orí, ó ní ó ti tó, ṣùgbọ́n ó tún rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ láti máa kó sínú garawa bí òjò bá ń rọ̀?”

N kò mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ti ṣú, ọsàn ni mo máa ń sá lọ bò. Ó ṣí fóònù rẹ̀ hàn mí: ológbò mi nínú garawa, ológbò mi lórí ẹní Alhaja, ológbò mi tó ń jẹ ẹja tí wọ́n ti yọ egungun kúrò lára rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n dijú. Bó ṣe máa ń rí lára ìyàwó tó bá rí agbádá ọkọ rẹ̀ lórí okùn ilé ẹlòmíràn nìyẹn.

Nílé rẹ̀, mo pe ológbò náà. Ó wò mí, ó sì wo Alhaja. Alhaja fúnra rẹ̀ ló gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Tiyín ni. Àmánà ni lọ́wọ́ mi, mo kàn ń bá yín ṣọ́ ọ ni.”

Ì bá bá mi jà ni, ǹ bá rí ohun tí màá fi bínú sí i.

Nílé mi, ológbò náà jókòó ti ilẹ̀kùn, ó ń ké. Mo yọ egungun ẹja fún un, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó padà síbi ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ṣí i fún un, mo sì sọ fún Ọlọ́run pé mo ti yọ̀ǹda rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi kò yọ̀ǹda.

Kí wọ́n tó pe ìrun Màgíríbà, ó ti padà dé. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́ báyìí: ọ̀sán lọ́hùn-ún, alẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mò ń dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e mọ́ra, òórùn tùràrí Alhaja ni mo ń gbọ́ lára rẹ̀, màá sì fi aṣọ tútù nù ún títí òórùn náà yóò fi lọ.