Ayẹyẹ Ọgọ́ta Ọdún Orin Tí Wọn Ò Ráyè Kọ

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi, ẹ jókòó dáadáa, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Ìlaròó, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún kàǹtátà kan.

Tíṣà kan tó ti dolóògbé ló kọ ọ́. Ìtàn olorì kan tí a ń fi orin sọ ni. Ẹni tí ọba ò bá pè kò gbọdọ̀ yọjú sí i, ikú ni! Ṣùgbọ́n olorì wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ó fi orin bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí àwọn èèyàn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe é, èmi wà lára àwọn tó ń kọ béèsì. Màmá Àbẹ̀kẹ́ ni olorì. Ọmọge ni nígbà náà o!

Nínú wa, èmi àti òun ló kù. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Wọ́n ṣèlérí fún un pé yóò tún orin olorì kọ, ló ṣe wọkọ̀ wá láti Ayétòrò. Ó ní kí òun tó kú, òun fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i létí èèyàn.

Orin kẹ̀? Wọ́n dá àwọn èèyàn pàtàkì mọ̀. Wọ́n dá àwọn tó ṣojú fún èèyàn pàtàkì mọ̀. Wọ́n tún padà dá àwọn tó pẹ́ dé mọ̀. Àlejò kan láti òdìkejì ẹnubodè sọ Faransé títí, kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ a pàtẹ́wọ́. Alága ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi bọ́ lójú òun. Alága tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ṣe ọjọ́ ìbí ogójì ọdún! Ojú olóògbé wà lára abẹ̀bẹ̀, ó wà lára abọ́ rọ́bà, ó wà lára tówẹ̀lì. Orin rẹ̀ nìkan la ò rí.

Nígbà tó yá, atọ́kùn ètò ní àkókò ti lọ, kí á dìde fún àdúrà ìparí.

Màmá dìde lóòótọ́. Àdúrà kọ́ ló dìde fún. Ó forí lé iwájú, ọ̀pá ń dún kò, kò, kò. Atọ́kùn sáré pàdé rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì pè yín."

"Olorì ńkọ́, ọmọ mi? Ta ló pè é?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ orin. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, kò gòkè tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Mo gbé béèsì sí i láti ìjókòó mi. Alága tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ nígbà tí orin ò tíì dé ìdajì.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tí orin ń bẹ nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa retí ìpè alága. Ẹ̀yin ńkọ́? Ayẹyẹ wo lẹ lọ rí, tí wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣàjọyọ̀ rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ kí á jọ gbọ́.

Kí ẹ tó dìde, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pín ogún. Alága jogún àwo ìdánilọ́lá. Ìyàwó rẹ̀ jogún abọ́ rọ́bà tó ṣẹ́ kù. Àwọn ọmọbìnrin akọrin wa ń wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò báyìí, wọ́n ń kọ́ orin olorì lẹ́nu Màmá. Àwọn ló jogún rẹ̀.