Oṣù Mẹ́jọ Tí Ìwé Ní N Kò San

Ilé-ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgándò ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà tí èmi àti ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé. Ògiri ilé náà ga dé ibi tó kàn ká kan páánù, ni owó bá tán. Yàrá kan ṣoṣo la háyà ní Ẹgbẹ́dá, àwa àti ọmọ mẹ́ta. Mo ní kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa tíṣà yá mi lówó páánù. Ọkàn mi balẹ̀, torí oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ kúrò nínú owó oṣù mi kó tó dé ọwọ́ mi.

Màmá kan láti Oǹdó ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Wọ́n ṣí ìwé ńlá wọn, wọ́n wò ó títí.

"Oṣù mẹ́jọ ni ìwé yìí ní o ò san," ni wọ́n wí. "A kì í yá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó."

Mo kó ìwé owó oṣù mi wá lọ́jọ́ kejì. Màmá rí i pé wọ́n ti yọ owó náà lóòótọ́, àmọ́ màmá ní ọ́fíìsì tó ń san owó oṣù wa kò tíì fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ohun tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ sì ni ìgbìmọ̀ ń wò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọ́fíìsì náà. Wọ́n ní ọ̀gá lọ ìpàdé. Wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì. Nígbà kẹta, wọ́n ní kì í ṣe owó tèmi nìkan ló há, kí n máa lọ ní sùúrù. N kò lágbára láti bínú. Mo kó ìwé owó oṣù mi, mo padà lọ.

Kó tó di pé mo padà sí ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ti tàn ká pé mo jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè. Àwọn tíṣà méjì tó ti gbà láti ṣe onídùúró mi yọwọ́. Ọ̀kan nínú wọn ò tilẹ̀ fẹ́ ká pàdé lọ́nà mọ́.

Màmá akọ̀wé ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Máa fọwọ́ ara rẹ san án díẹ̀díẹ̀, kí n máa já rìsíìtì fún ọ," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ pé o ti san án lẹ́ẹ̀kan. Ìwé ni kò mọ̀."

Bí mo ṣe san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, fún odidi ọdún kan. Láti rí i san, mo ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Ìkòtún láràárọ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn dé Ìgándò, a sì yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa yá mi lówó, páánù ti gbówó lórí. Yàrá méjì péré ni páánù tí owó náà rà kárí. A kó wọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀, koríko ń hù nínú àwọn yàrá yòókù. Owó oṣù mẹ́jọ yẹn, títí mo fi kúrò ní ilé-ìwé náà, n kò gbọ́ pé ó dé.

Lọ́jọ́ tá a kó wọlé, ọkọ mi ní ká dúpẹ́. Mo ní ká dúpẹ́ lóòótọ́. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n mo tẹ́ ẹní, mo sùn.