Ta La Mọ̀ ní Pọtoríkò?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹnìkan kì í ṣàdédé lọ lo ọlidé. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni tàbí ti àbúrò bàbá ẹni là ń lọ. Nítorí náà, ní Ṣikágò, nígbà tí ìyàwó mi lẹ àwòrán etíkun Pọtoríkò mọ́ ara firíìjì, ẹ̀rín ló pa mí. Òkun búlúù, igi àgbọn méjì, kò sí èèyàn kankan.

"Ẹ jẹ́ ká lọ lo ọlidé níbẹ̀."

"Ta la mọ̀ níbẹ̀?"

"A ò mọ ẹnikẹ́ni. Òkun la fẹ́ lọ wò."

"Adágún wà lẹ́yìn ilé. Lọ wò ó."

Yìnyín ti bo adágún ọ̀hún mọ́lẹ̀ látinú oṣù Kejìlá. Ó ní, "Ẹ kú àwàdà o, Dádì."

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan ará Pọtoríkò ń gbé nísàlẹ̀ wa. Ìsìn òrìṣà ló ń ṣe, èdè Yorùbá wa ni wọ́n sì fi ń gbàdúrà níbẹ̀. Tó bá pàdé wa lórí àtẹ̀gùn, á ní, "Omi tuto." Lọ́jọ́ kan mo bu ife omi kan wá fún un. Ìyàwó mi bínú: "Àdúrà ni màmá ń ṣe fún yín, ẹ wá ń bomi." Látìgbà náà ló ti ń bá a tún ọ̀rọ̀ náà pè, tí wọ́n fi di ọ̀rẹ́.

Nígbà tó yá, ìyàwó mi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ìyá màmá ìsàlẹ̀ ṣì wà láyé, etí òkun ni ilé wọn ní Pọtoríkò. Wọ́n ní ká wá. A ti ní ẹni tí a mọ̀ níbẹ̀ báyìí."

Mo ní wọn ò fún mi ní líìfù níbi iṣẹ́ ní Naperville. Irọ́ ni, n kò tilẹ̀ béèrè. Mi ò mọ bí àgbàlagbà ṣe ń jókòó lásán fún ọ̀sẹ̀ kan ni, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

Òun àti màmá nìkan ló lọ. Nínú fọ́tò tó kó bọ̀, wọ́n ń jẹun lábẹ́ igi máńgòrò, àga kan sì ṣófo.

"Ta ló dìde?"

"Kò sẹ́ni tó dìde. Kí ẹ tó ní ẹ ò lọ, mo ti ránṣẹ́ pé ẹ ń bọ̀. Ìyá màmá ò gbà pé ẹ ò ní wá mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé àga yín síta."

Mo nawọ́ sí fọ́tò tó kàn. Ó ti ń kó àwọn fọ́tò náà padà sínú àpò ìwé, kò dúró kí n wò wọ́n tán.