Àbúrò Mi Yà fún Àgbà Nínú Aṣálẹ̀

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin sọ pé òun fẹ́ wakọ̀ gba Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn kọjá, mi ò mọ nǹkan kan nípa ibẹ̀ ju orúkọ lọ. Hellersdorf ní Berlin ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ra mọ́tò àlòkù, kó kó fìríìjì àti bẹ́ẹ̀dì kún inú rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí Áfíríkà. Ọkọ̀ ojú omi ló sábà máa ń gbé wọn láti Hamburg. Lọ́tẹ̀ yìí, oníbàárà kan ní Dakar ń kánjú gba bọ́ọ̀sì kékeré kan, àbúrò mi sì ní òun á wà á lọ fúnra òun.

Hamburg lèmi wà: mò ń ránṣọ ní àdúgbò Harburg, ilé mi sì wà ní Steilshoop. Obìnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí àbúrò mi fẹ́ gbà kọjá náà gan-an. Jámánì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Tèmi kò dán mọ́rán, tirẹ̀ náà kò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ ara wa yé. Mo lọ bá a kí n lè mọ ohun tó wà níwájú àbúrò mi. Ì bá sàn kí n má lọ.

Ó fi ìka ya ilẹ̀ náà fún mi lórí tábìlì. Òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Mòrókò wà lókè, Moriténíà wà nísàlẹ̀. Mòrókò ní tòun ni. Ọ̀pọ̀ àwọn Sàráwì, ìyẹn àwọn èèyàn obìnrin yìí, ní àwọn ni àwọn nilẹ̀. Ogun lé àwọn òbí rẹ̀ dé àgọ́ kan ní Àlìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rí. Lẹ́yìn náà ló fa ilà gígùn kan gba àárín tábìlì kọjá.

"Odi nìyí," ó ní. "Iyanrìn ni wọ́n fi mọ ọ́n. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wà láwọn ibòmíràn. Bí òjò bá rọ̀, omi lè gbé e kúrò níbi tí àwọn darandaran mọ̀ ọ́n sí."

Mo bi í bóyá títì tí mọ́tò ń gbà léwu. Ó ní rárá, ẹni tó bá kúrò lórí títì ni kó ṣọ́ra.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń kí àbúrò mi bó bá ti pè.

"Ṣé orí títì lo wà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ tún fẹ́ kí n wà? Orí igi? Kò sí igi níbí."

Ó ń gbádùn ara rẹ̀. Oníṣòwò ni, gbogbo ohun tó bá rí ló ń wọ̀n lójú. Nígbà tó kọjá ìlú Laayoune, ó ní òun rí bẹ́líìtì ẹ̀rọ kan tó gùn ju ibi tí ojú òun lè dé lọ, tó ń gbé iyẹ̀pẹ̀ láti inú aṣálẹ̀ lọ sétí òkun. Mo sọ fún aládùúgbò mi. Ó ní iyẹ̀pẹ̀ kọ́, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ ni, ó sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìjà náà tán. Ní Dakhla, àbúrò mi rí ọkọ̀ ẹja tó tò lọ bẹẹrẹ. Ó tún rí àwọn ilé ọ̀rá ńláńlá tí wọ́n ń gbin tòmátì sí.

"Ilẹ̀ tí ewúrẹ́ kò ti rí koríko jẹ! Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni àwa tí òjò ń rọ̀ fún ń ṣe?"

"Bi í léèrè ibi tí tòmátì náà ń lọ," aládùúgbò mi ní.

"Ó ní Yúróòpù ni," mo dá a lóhùn.

"Ó dáa. Ó ń ríran."

Àwọn méjèèjì lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń fi maṣíìnì ránṣọ ní ìlà tó tọ́, títì ni mò ń rí, pẹ̀lú iyanrìn lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ohun tí mò ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Aládùúgbò mi ń po tíì ní kíṣìnì mi nígbà tí àbúrò mi pè pẹ̀lú fídíò. Ó ti sún mọ́ ẹnubodè Moriténíà. Ọkọ̀ tò síwájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń lọ.

"Ẹ wo ràkúnmí, ẹ̀gbọ́n mi!"

Ràkúnmí ni lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ kan. Ṣùgbọ́n àgọ́ náà kò jìnnà sí i mọ́.

"Ṣé orí títì lo wà?"

"Àwọn awakọ̀ yòókù ló ní wọ́n ń ta wàrà níbẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà, wọ́n tiẹ̀ to òkúta sí i létí bíi ti ọgbà òyìnbó. Ẹ wo bàbá tó ń bọ̀ yìí."

Bàbá arúgbó kan tó wọ agbádá búlúù ń bọ̀ lójú ọ̀nà tóóró náà. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé èjìká.

Ní ilé wa, bí ọ̀dọ́ bá pàdé àgbà tó rẹrù lójú ọ̀nà báyìí, ọ̀dọ́ ni yóò yà sínú igbó, tí yóò sì kí i. Kì í sì í ṣe ìṣísẹ̀ kan lásán. Èèyàn á wọ inú igbó dáadáa, kí ẹrù má baà kàn án. Ìyá wa kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gún ì báà wà nínú igbó ọ̀hún. Mo rí i tí àwòrán náà mì, mo sì gbọ́ ohùn àbúrò mi: "Ẹ kú ìrìn o, bàbá." Lẹ́yìn náà ni bàbá náà pariwo.

Aládùúgbò mi gbé ìkòkò tíì sílẹ̀, ó fò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Òkúta yẹn! Wọ́n kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní pupa, àmì bọ́ǹbù ni! Ní kó dúró!"

"Dúró!" mo ní. "Má gbé ẹsẹ̀!"

"Kí ló dé? Mo yà fún bàbá ni."

"Bọ́ǹbù lè wà níbi tó o dúró sí."

Mo ń gbọ́ atẹ́gùn aṣálẹ̀ nínú fóònù. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ọmọbìnrin mi jáde láti yàrá, ó fi Jámánì bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, "Mama, was ist los?" Mo nawọ́ sí i pé kó dúró ná.

Bàbá náà ń sọ Lárúbáwá tiwọn. Aládùúgbò mi ń sọ ọ́ di Jámánì, èmi ń sọ ọ́ di Yorùbá. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè ṣi ọ̀rọ̀ kan gbọ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì pa á.

"Ó ní kó o má yí ara padà. Yí orí nìkan. Ṣé o rí ojú ẹsẹ̀ rẹ?"

"Mo rí i. Iyanrìn ti ń bò ó."

"Gbé ẹsẹ̀ tó o gbé kẹ́yìn. Fi sínú ibi tó ti wá."

"Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún aládùúgbò mi, òun sọ fún bàbá. Bàbá dáhùn, aládùúgbò mi sì wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kó sọ ọ́.

"Ó ní, ṣé òun sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà kò fi lè gba àwọn méjèèjì?"

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀. Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, ó tún ń gbé òmíràn. Ọwọ́ àgbà kan wọ inú àwòrán, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó fà á sójú ọ̀nà.

Aládùúgbò mi ṣàlàyé fún bàbá pé ọ̀wọ̀ ló mú àbúrò mi yà. Bàbá ní níbẹ̀, ńṣe ni èèyàn méjì ń di ara wọn lápá mú, tí wọ́n á fẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó wá bi aládùúgbò mi pé ọmọ ta ni. Obìnrin náà dárúkọ ìdílé rẹ̀. Bàbá dúró, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, ìkíni tó gùn, èyí tí kì í tán. Omijé ń dà lójú obìnrin náà, ó ń béèrè nǹkan, bàbá ń dáhùn. Èmi kàn ń wo ẹsẹ̀ àbúrò mi.

"Jọ̀ọ́," mo sọ fún aládùúgbò mi, "bá mi bẹ bàbá kó mú un padà sídìí mọ́tò."

Bàbá ṣáájú, àbúrò mi ń tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wọ mọ́tò, mo ní kó ti ilẹ̀kùn. Ó tì í. Mo ní kó ti gíláàsì. Ó tì í, kò sì bá mi ṣàwàdà.

Mo fẹ́ pa fóònù. Aládùúgbò mi di ọwọ́ mi mú.

"Má tíì pa á. Ní kó kọ ojú fóònù sí bàbá."

Bàbá ti ń padà lọ gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, òun nìkan, atẹ́gùn ń fẹ́ agbádá rẹ̀. Gbogbo wa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ní kíṣìnì wa àti nínú mọ́tò, títí ó fi dé àgọ́.