Rẹlẹ́ Àpótí Adìẹ Lára Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé iná mànàmáná ti di ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Atakpamé kì í jẹ́ kí a mú rẹlẹ́, kinní kékeré tó ń ṣí iná fún ẹ̀rọ tó sì ń pa á, láìkọ́kọ́ béèrè ẹrù tí yóò gbé. Ó ní ohun tó ń gbóná lásán máa ń fa iná jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń yí máa ń já a gbà nígbà tó bá ń gbéra. Bí a ti í ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Mo máa ń ní mo ti gbọ́. Ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó wá ń gbé tẹ́sítà tí a fi ń dán iná wò sápò àyà, kí ni kò gbọ́?

Ìyá kan lọ́nà Elavagnon ránṣẹ́ pè mí pé rẹlẹ́ ẹ̀rọ tí òun fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn èèyàn ti bàjẹ́. Ọ̀kan wà nínú àpò mi, irú èyí tí kì í dún. Ara àpótí tó ń fi ooru pa ẹyin adìẹ di ọmọ ni mo ti yọ ọ́. Nítorí pé ó gbé ooru ibẹ̀ fún ọdún kan, mo rò pé kò sí ohun tí kò lè gbé. Mo dè é mọ́ ẹ̀rọ ìyá náà, ó yí, àwọn obìnrin yìn mí.

Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, iná lọ. Ẹ̀rọ dúró pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lẹ́nu, mo sì tẹ bọ́tìnnì pa. Obìnrin tó ni ẹ̀gẹ́ náà, tó ń ta gàrí lọ́jà Anié, fẹ́ kó èyí tó há lẹ́nu ẹ̀rọ kúrò.

“Àbúrò, ṣé o ti pa á?”

“Mo ti pa á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.”

Ó ní bó bá bu òun jẹ, èmi ni yóò máa wẹ̀ fún àwọn ọmọ òun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni òórùn ohun tó jó kàn mí nímú. Mo fọwọ́ kan rẹlẹ́. Ó gbóná bí ẹyin iná. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi sọ sí mi lọ́kàn: irú èyí, bó bá jó, kì í já, ṣe ló máa ń lẹ̀ pọ̀ nínú, a pa bọ́tìnnì, a ò pa á, iná yóò kọjá. Bí iná bá dé báyìí, ẹ̀rọ yóò yí, ọwọ́ obìnrin náà sì ti wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ó yẹ kí n pariwo. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí tán ni yóò gbọ́. Mo ní kí n rọra dé ibi ògiri, kí n yọ wáyà, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni. Mo gbé ìkẹta, iná dé.

Ẹ̀rọ náà mú orí ìka rẹ̀ méjì lọ. Òun kò kígbe. Àwa yòókù la kígbe.

Wọ́n ní iná tí kì í sọ ìgbà tí yóò dé ló fà á, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí alùpùpù bá dúró níwájú ilé, mo rò pé ẹbí obìnrin náà ló dé, ìdí mi kò gba ìjókòó. Nígbà tó yá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ìṣísẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì.

“Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Mo rò pé ebi ló ń pa ọ́. Mo ní bí mo bá yọ ọwọ́ tán, n óò bu gàrí fún ọ.”

Lónìí mo mọ rẹlẹ́ tó yẹ ohun tó ń gbóná, mo sì mọ èyí tó lè gbé ohun tó ń yí. Ìyẹn kò ṣòro láti kọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ tí a gbé mì ń fọ́ ni wọn kò sọ fún mi. Bí ara bá fu mí báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ pariwo ná. Nígbà mìíràn kì í sí nǹkan kan, wọ́n á sì fi mí ṣẹ̀sín. Mo máa ń dúró kí ẹ̀rín wọn tán, kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́.