Epo Lára Àpótí Alákàbà

Ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ wà kẹ́yìn, iṣu sísun ló jẹ. Ó fi epo jẹ ẹ́, epo náà kán sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì lá a bí ọmọdé. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa, ọmọbìnrin kan tó máa ń wá bá a fọ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ìyàwó mi wo àtàǹpàkò náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá wọn, ẹ rántí epo ìyá yín?"

Mo ní mo rántí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òsì, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló wà ní ìlú wa. Àmì ọ̀kan jẹ́ ẹyẹlé, ti èkejì jẹ́ àkàbà. Ènìyàn kì í yan ẹgbẹ́ nígbà náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń bí i sí. Bàbá mi, tó jẹ́ olórí agbo-ilé, ti fi ẹfun ya ẹyẹlé sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹlẹ́yẹlé sì ni gbogbo wa, títí kan ewúrẹ́ ilé. Títí di òní, mo ṣì máa ń rí ẹyẹlé náà lójú àlá. Ìgbà ọyẹ́ ni yóò jẹ́, kùrukùrù á ti bo ojú òkè, ẹyẹ náà á rọra kúrò lára ògiri, á fò lọ láìdún.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọkùnrin tó ń pín oògùn ní dísípẹ́ńsárì ìlú ló ń díje lábẹ́ àkàbà. Ọkùnrin yìí kan náà ló fi kẹ̀kẹ́ gbé mi dé ilé ìwòsàn ní Ìdó nígbà tí èéyi fẹ́ pa mí, nínú òjò, tí ìyá mi ń sáré tẹ̀ lé wa. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbò, ó dúró ní àgbàlá, ó ní ìyàwó tó bá dìbò fún àkàbà nínú ilé òun, kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ló kéré jù nínú àwọn ìyàwó ilé. Ìlógbò ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá.

Àpótí méjì ni wọ́n gbé sínú yàrá kan, ẹyẹlé lára ọ̀kan, àkàbà lára èkejì. Ìwọ nìkan ni wàá wọlé, wàá sì sọ ìwé rẹ sínú èyí tó wù ọ́. Ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ilé wa ń fún epo ní ẹkù, kòtò epo tó wà lẹ́yìn ilé, kò sì sí agbo-ilé mìíràn tó ń fún epo. Àwọn tó kù fi ọṣẹ fọ ọwọ́, wọ́n múra, wọ́n lọ. Ìyá mi ni wọ́n fi ṣọ́ epo. Nígbà tí wọ́n dé, òun náà sáré lọ, kò sì rántí fọ ọwọ́.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn àpótí jáde, ipa ìka mẹ́rin, pupa fòò, wà lára àpótí alákàbà. Àwọn alákàbà bá fi ariwo kọjá níwájú ilé wa.

"Ẹyẹlé ti gun àkàbà o! Ẹyẹlé elépo!"

Ẹkù ni a wà tí a fi gbọ́ ọ. Ìyá mi wo ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé nu ún, ṣùgbọ́n epo kì í kúrò lábẹ́ èékánná bẹ́ẹ̀. A ti ń gbọ́ ohùn bàbá mi lọ́nà. Ìyálé ìyá mi, tí n kò rí i kó bá a rẹ́rìn-ín rí, dìde.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, epo kì í dúró de ìbò. Ẹ ki ọwọ́ bọ ẹkù!"

"Ìyá, aṣọ òde ṣì wà lọ́rùn wa," ni ọ̀kan wí.

"Ṣé aṣọ ni mo ní kẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́ ni? Ọwọ́!"

Bàbá mi dé, ó ní kí wọ́n na ọwọ́ wọn jáde. Ọwọ́ méjìlá ló nà sí i, gbogbo wọn pupa dé ìgúnpá.

"Bàbá," ni ìyálé wí, "èwo lẹ fẹ́ lé nínú wọn? Kẹ́ ẹ tètè mú un o, uṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa."

Bàbá mi wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí padà. "Ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fi kan iṣu mi," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé alákàbà, ìyá mi fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní, "Ohun tó bá ṣe níbi ìbò, má bi í." N kò bi ìyàwó mi rí, òun náà kò bi mí. Láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, òun ló máa ń bá mi pa ìwé ìbò pọ̀, kí tàdáwà má bàa ràn sí ibòmíràn. Orí igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́ ni ojú rẹ̀ máa ń wà bó ṣe ń pa á, kó má bàa rí ibi tí mo tẹ̀. Ì bá wò ó, kò sí àṣírí níbẹ̀. Ẹyẹlé ni, nígbà gbogbo.

Ayé ti yí. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, àmì wọn nìkan ni kò yí. Àwọn olóṣèlú ń jẹun àárọ̀ lọ́dọ̀ ẹyẹlé, wọ́n ń jẹ tọ̀sán lórí àkàbà, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Àwa aládùúgbò tí a kò jẹ níbẹ̀ rárá la ṣì ń yan ara wa lódì.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, ìbò dé. Nọ́ọ̀sì tó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń díje fún káńsẹ́lọ̀, lábẹ́ àkàbà. Mo bá káàdì ìdìbò mi nínú agolo bisikíìtì níbi tí ìyàwó mi fi í sí, káàdì tirẹ̀ lórí rẹ̀. Níbi ìbò, òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ kan bi mí pé, "Bàbá, ta ló máa ràn yín lọ́wọ́?"

Mo ní èmi nìkan ni.

Mo wo ẹyẹlé títí. Lẹ́yìn náà mo tẹ àtàǹpàkò mi sí ẹ̀gbẹ́ àkàbà. Mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí tàdáwà náà títí ó fi gbẹ, mo gbójú sókè sí igi máńgòrò, mo sì pa ìwé náà pọ̀ bó ṣe máa ń pa á. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Tàdáwà kò ràn.